Bí Bilqis Jimoh Ṣe Gba Àṣìṣe Rẹ̀ Padà

Tí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Gángan, tí ẹ ń bèèrè Tíṣà Bilqis, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé kí lẹ fi ṣe é. Àwọn ará àdúgbò náà mọ̀ ọ́n. Obìnrin jẹ́ẹ́ ni, kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, yóò kí yín lọ́la, yóò kí yín lọ́túnla, yóò wá síbi ìkómọ yín, kò sì ní gbàgbé. Aládùúgbò kan da omi ẹja sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nígbà kan, ó sì bẹ̀ ẹ́. Bilqis ní kò sí wàhálà. Ọdún méjì kọjá kí omi ìdọ̀tí tirẹ̀ náà tó ṣèèṣì dà sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ọ̀hún, láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá gan-an, tí ẹni ẹlẹ́ni ti wọ aṣọ funfun. Bilqis náà bẹ̀bẹ̀ dáadáa.

Ẹ wá fojú inú wo ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe fún ọkùnrin tó jí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ gbé.

Bilqis ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iléèwé girama kan tí kò jìnnà sí Ìdúmàgbò. Òun àti ìyá rẹ̀, Àlímọ̀t, ló jọ ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú agboolé bàbá rẹ̀. Jimoh ni bàbá yẹn ń jẹ́, káfíńtà ni. Pópó Àgùdà ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ sì kọ́ ọ pé kí káfíńtà máa fi ṣísẹ̀lì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí ojú kò tó lára gbogbo ohun tó bá kàn: ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ tábìlì, ìdí àga. Jimoh kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ lẹ́tà márùn-ún tirẹ̀ gbẹ́ bí ẹni fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dára, ó gbẹ́ ẹ sí i. Èyí tó wọ́, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé, ó gbẹ́ ẹ sí i. Nígbà tí Bilqis wà ní kékeré, ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tó ń kọ orúkọ sára èyí tó ti bàjẹ́.

“Ṣé èmi kọ́ ni mo bà á jẹ́ ni?” Jimoh dá a lóhùn. “Ta ni kí n wá gbé e fún?”

Ọmọ Jimoh wọ yunifásítì, ó sì ki orí bọ ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní tọpọ́lọ́jì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Ìṣirò yìí kì í fi rúlà wọn nǹkan. Kò kàn án bóyá ọ̀nà gùn tàbí ó kúrú. Ohun tó ń bèèrè ni pé ta ló wà nítòsí ta, àti pé bí èèyàn bá ń gbẹ́sẹ̀ lọ, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa sún mọ́ ibi tó ń lọ títí tí ìdènà kankan kò fi ní lè yà wọ́n mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àyè. Àwọn àyè kan wà tí wọ́n dára: bí ibì kan níbẹ̀ bá ti fara kan ọ̀wọ́ kan, ìyẹn àkójọ àwọn ibòmíràn, a máa rí ìrìn kan, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ láàárín ọ̀wọ́ náà, tó máa gúnlẹ̀ síbẹ̀. Irú èyí ni Bilqis ń pè ní àyè tó ṣeé rìn.

Ìbéèrè tó gba oorun lójú rẹ̀ rèé. Bí a bá mú àyè méjì tó ṣeé rìn, tí a so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, tó jẹ́ pé ẹni tó bá dúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ti àkọ́kọ́, èkejì wà nínú ti èkejì, ṣé ẹyọ kan yẹn ṣì máa ṣeé rìn? Àwọn àgbà ìṣirò ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Bilqis ní bí a bá fi ìlànà kan báyìí de àwọn àyè méjèèjì, wàhálà tán, ìgbàkígbà la ó máa rìn dé. Inú ọ́fíìsì Dókítà Fúnṣọ́ Adéníyì, ọ̀gá tó ń mójú tó ìwádìí rẹ̀, ló ti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bilqis á kọ, ọ̀gá á jókòó máa wò ó, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rí náà pé, Fúnṣọ́ dìde lórí àga, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n pè é láti ilé pé ara Jimoh kò yá.

“Lọ tọ́jú bàbá ẹ,” Fúnṣọ́ sọ fún un. “Má worry rárá. Mo máa bá ẹ tọ́jú iṣẹ́ yẹn.”

Ó kúkú tọ́jú ẹ̀ lóòótọ́.

Jimoh wà lórí ibùsùn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé iṣẹ́ òun máa jáde nínú ìwé tí wọ́n ń kà dé ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń bèèrè láràárọ̀. “Bilqis, ṣé wọ́n ti gbẹ́ orúkọ wa síbẹ̀?”

“Wọ́n ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́, Bàbá.”

Orí ìdáhùn yẹn ni bàbá náà kú sí. Lẹ́yìn fìdáù, Bilqis padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, Fúnṣọ́ sì ń sọ fún un pé iṣẹ́ ṣì wà lọ́dọ̀ òun, kó fọkàn balẹ̀. Ọdún yípo kó tó rí i nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé ìwádìí ọ̀hún, láti orí dé ìdí, ìlà sí ìlà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lókè rẹ̀, kì í sì í ṣe Jimoh. Ó fẹjọ́ sùn. Ìgbìmọ̀ pe Fúnṣọ́, Fúnṣọ́ sì rẹ́rìn-ín. “Ọmọ yẹn? Ó kàn máa ń bá mi nu bọ́ọ̀dù ni.” Wọ́n ní kí Bilqis mú ohun tó máa fi hàn pé iṣẹ́ tòun ni wá. Kí ló fẹ́ mú wá? Eruku ṣọ́ọ̀kì?

Ó kẹ́rù rẹ̀ padà sí Ìsàlẹ̀ Gángan láìgba oyè kankan. Inú bí i débi pé fún ìgbà pípẹ́, bó bá ti ń kọ nǹkan sára bọ́ọ̀dù níwájú àwọn ọmọ iléèwé, ṣọ́ọ̀kì a máa kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ní kó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bilqis ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí òun náà bá a ṣe díẹ̀. Ìyá rẹ̀ pariwo àsítágfìrúlàhì títí ará ìsàlẹ̀ fi yọjú.

Òfin ìṣirò yẹn, tí wọ́n ń pè ní tíórẹ́mù, ni Fúnṣọ́ gùn dókè. Ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ń pè é síhìn-ín, wọ́n ń pè é sọ́hùn-ún. Bilqis ń wò ó láti òkèèrè. Kì í ṣe oyè rẹ̀ ló ń wá, kì í sì í ṣe owó. Ohun kan ló fẹ́: kí Fúnṣọ́ fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ Jimoh sórí iṣẹ́ yẹn, ní gbangba, níbi tí kò ti ní lè gbé e mì padà.

Ọdún tó kọjá ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá Àlímọ̀t lókè, ó sì di dandan kí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù tí Jimoh kàn fún ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kí àwọn tó ń tún òrùlé ṣe lè rọ́nà. Muqtadir, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Bilqis, mú ìdí rẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀. Jóṣúà, aládùúgbò wọn, mú orí rẹ̀ lókè. Àtẹ̀gùn ilé náà tẹ̀, ó sì há. Gbogbo ìgbà tí Muqtadir bá sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, igi náà á yí, Jóṣúà á ní láti jọ̀wọ́ ibi tó dì mú, á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ míì, á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Muqtadir ń lọ, Jóṣúà ń bẹ̀rẹ̀.

“Èmi ti ń délẹ̀ o!” Muqtadir kígbe.

“Ìwọ nìyẹn! Èmi ṣì wà níbi tí mo wà jàre!”

Kọ́bọ́ọ̀dù há. Àlímọ̀t na ọrùn jáde láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. “Ẹ̀yin wo lẹ wà yìí? Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn yìí, ẹnìkọ̀ọ̀kan yín mọ ọ̀nà. Kí ló dé tí ẹ ò lè jọ dé?”

Bilqis tó dúró nísàlẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì tún un sọ lẹ́nu. Ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ ọ̀nà, wọn kò lè jọ dé. Ó rí ìlà kan lọ́kàn rẹ̀, ìlà kan ní àárín ẹ̀rí tòun, níbi tó ti mú ìrìn kan nínú àyè àkọ́kọ́, tó mú òmíràn nínú èkejì, tó sì so wọ́n pọ̀ wéré bí ẹni pé kálukú lè máa rìn bó ṣe wù ú. Wọn kò lè rìn bó ṣe wù wọ́n. Ẹrù kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn. Ìgbésẹ̀ ẹnì kan lè máa da ti ẹnì kejì rú títí láé.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Jóṣúà rò pé àwọn ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó bínú, ó ju ẹrù sílẹ̀. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà, níbi tó dojú kọ ìmọ́lẹ̀ báyìí, orúkọ Jimoh wà níbẹ̀ gbọnin.

Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, Bilqis ti rí àpẹẹrẹ tó dojú tíórẹ́mù rẹ̀ dé. Ojú kọ́kọ́ tì í. Ó ti ń sunkún dúkìá láti ìgbà èwe rẹ̀, àṣé igi tó ti jẹrà nínú ni. Bó bá sì tú u fáyé rí, kò tún lè sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé wọ́n jí ohun iyebíye òun. Ó ro èyí dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá rántí ẹni tó ń gbé igi jíjẹrà náà kiri lórí, tó ń jó, ọkàn rẹ̀ sì dùn bí ẹni lá oyin.

Ó lè kọ̀wé sí jọ́nà, kí wọ́n tẹ àtúnṣe kékeré kan síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní kà á. Rárá o. Bilqis mọ Fúnṣọ́. Bí iṣẹ́ bá dára, Fúnṣọ́ ló ṣe é. Bó bá bàjẹ́, wọ́n bá a bà á jẹ́ ni. Nígbà tí èsì ìdánwò dàrú lẹ́ẹ̀kan, ó ní akọ̀wé ni. Nígbà tí akọ̀wé kò sí nílé, ó ní iná mànàmáná ni. Ọkùnrin náà kò tíì ru ẹrù àṣìṣe kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Orí ìwà yẹn gan-an ni Bilqis dẹ okùn rẹ̀ sí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìṣirò ní erékùṣù Èkó ń wá ẹni tó máa dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì máa fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀bùn tí wọ́n fẹ́ máa fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mókè lọ́dọọdún, Bilqis ló nawọ́ sókè. “Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníyì ni ká pè. Kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí tíórẹ́mù wọn yẹn.” Ìyáàfin Dárasími, alága ẹgbẹ́, ní àbá yẹn dára púpọ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Pópó Àgùdà, gbogbo àga ló kún. Fúnṣọ́ dé pẹ̀lú Dókítà Ìyanuolúwa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ti di olùkọ́ ní yunifásítì báyìí. Bilqis kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà.

“Ah-ah, Bilqis! Long time o!” Fúnṣọ́ yíjú sí alága. “Ọmọ mi lèyí. Èmi ni mo kọ́ ọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ kọ́ mi lọ́gbọ́n,” Bilqis fèsì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi tútù fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ó dùn. Ó sọ bí òun kò ṣe sùn, bí òun kò ṣe jẹun, títí tíórẹ́mù náà fi yọ sí òun lọ́jọ́ kan, òun nìkan nínú ọ́fíìsì òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bilqis náà pàtẹ́wọ́, tirẹ̀ ló sì pẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè, ó dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìbéèrè kékeré ni. Ẹ gbà mí láyè kí n yà á sórí bọ́ọ̀dù.”

Fúnṣọ́ fọwọ́ júwe bọ́ọ̀dù fún un bí ọ̀gá onínúure. Bilqis mú ṣọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀kì kò kán.

“Ẹ jẹ́ ká ní oríta kan wà tí òpópónà àìlóǹkà já sí,” ó sọ. “Lórí òpópónà kọ̀ọ̀kan, àwọn ilé tò, wọ́n ń sún mọ́ oríta. Òpópónà kọ̀ọ̀kan ní géètì, onígéètì sì lè gbé e síbi tó bá wù ú. Ẹni tí kò bá kọjá géètì, kò tíì sún mọ́ oríta. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, títì kan ṣoṣo ni, ilé kìíní, ilé kejì, títí lọ sí ìparí ẹ̀. Ẹnì kan ń rìn níbí, ẹnì kan ń rìn lọ́hùn-ún, wọ́n jọ gbé ẹrù kan. Tí ẹni títì bá wà ní ilé kẹta, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wà lórí òpópónà kẹta. Tó bá dé ilé kẹrin, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìkẹrin.”

Ìyanuolúwa ti fa àga rẹ̀ súnwájú.

“Ẹni títì ò lè dúró, torí ó fẹ́ dé ìparí. Gbogbo bó ṣe ń lọ, ẹnì kejì ń pààrọ̀ òpópónà. Onígéètì kàn máa gbé géètì ẹ̀ kọjá ibi tó dé lórí òpópónà yẹn ni. Kò ní wọlé láéláé. Bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n gbé géètì sí, ibì kan ṣì máa wà nínú ọ̀wọ́ àwọn ibi tí wọ́n lè jọ dúró sí, tó ti kọjá ẹ̀. Ó fara kàn án, sà, àmọ́ kò ṣeé rìn dé.”

“Àtijọ́ nìyẹn,” Fúnṣọ́ rẹ́rìn-ín. “Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ìlànà inú tíórẹ́mù mi ti dí ihò yẹn.”

“Ohun tí mo rò náà nìyẹn, sà.” Bilqis yí padà sí bọ́ọ̀dù. Ó fi ìlànà náà wọ àwọn òpópónà rẹ̀, ó tún wọn tò, ìlà kan, ìlà kejì, ó sì fi hàn pé ìlànà náà wọlé wẹ́rẹ́, ihò sì ṣì wà níbẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn, ó gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́.

Ìyanuolúwa dìde. Ó wo bọ́ọ̀dù títí, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. “Sà,” ó sọ jẹ́jẹ́, “ó tọ̀nà o. Tíórẹ́mù yẹn ti fọ́.”

Òógùn bo iwájú Fúnṣọ́. Ó wo alága, ó wo àwọn olùkọ́ tó kún gbọ̀ngàn, ó wo bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó máa ṣe. Ó fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra.

“Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Abala yẹn, to be honest, èmi kọ́ ni mo ṣe é gan-an. Student mi kan ló ṣe é. Mo fọkàn tán an ni, àṣìṣe ẹ̀ ló wá kó bá mi.”

“Ah! Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” Bilqis sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. “Student wo nìyẹn? Ẹ dárúkọ ẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí.”

Ọkùnrin tó ti ń rì kì í wo igi tó ń dì mú. “Ṣebí ìwọ náà ni! Bilqis Jimoh! Ìwọ lo kọ gbogbo ẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù mi, láti orí dé ìdí! Ìwọ lo kó mi sí gbèsè yìí!”

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé orúkọ náà lọ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Jimoh. Ìyáàfin Dárasími gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ìyanuolúwa rọra yíjú wo ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń wò ó lọ. Ìgbà yẹn ni Fúnṣọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè. Bilqis ti dúró pẹ́ fún ọjọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, kò sì kánjú lò ó.

“Ẹ ṣeun, sà,” ó sọ. “Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni mo sì ṣe àṣìṣe yẹn. Ọmọ káfíńtà ni mí, bàbá mi kì í sá fún kọ́bọ́ọ̀dù tó wọ́.” Ó wá yíjú sí Fúnṣọ́. “Iṣẹ́ náà, tèmi ni. Àṣìṣe náà, tèmi ni. Èwo wá ni tiyín níbẹ̀, sà?”

Fúnṣọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí akọ̀wé nítòsí, iná mànàmáná sì ń tàn dáadáa. Alága ní kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀ ná, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹ̀bùn ọdọọdún mọ́. Ìyanuolúwa ya àwòrán bọ́ọ̀dù náà, ó béèrè lọ́wọ́ Bilqis bí wọ́n ṣe ń kọ Jimoh, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló wọ ọkọ̀ tó gbé wọn wá.

Nígbà tí Bilqis délé, ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti gbé padà sókè. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

“Wọ́n pe orúkọ bàbá ẹ?”

“Wọ́n pè é, Màmá.”

“Nínú màíkì?”

“Nínú màíkì. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ.”

Àlímọ̀t fọwọ́ pa ara kọ́bọ́ọ̀dù náà. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ó dáa. Ọwọ́ ẹ ti tẹ ohun tí ò ń wá. Dárí jì í báyìí, Bilqis. Ọlọ́run fẹ́ràn aláforíjì.”

“Màá dárí jì í, Màmá,” ọmọ Jimoh fèsì, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ jẹ́ kí n jẹ ìgbádùn èyí tán ná.”

Láti ìgbà yẹn, ìyá rẹ̀ a máa bi í láràárọ̀ bóyá ó ti jẹ ẹ́ tán. Bilqis a ní ó kù díẹ̀.